Ẹni Tó Kọ Ìwé Àjíǹde Kì í Kà Á

Àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ṣọ́ọ̀ṣì máa ń bi mí pé, "Mọ́mì, iṣẹ́ wo gan-an lẹ ṣe kí ẹ tó fẹ̀yìn tì?" Bí mo bá ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé irú mi kò lè lo kọ̀ǹpútà ju kó máa gbọ́ àdúrà àárọ̀ lórí fóònù lọ. Mo wá ní kí n jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe lè mọ adùn rẹ̀ àti ìkorò rẹ̀. Ọlọ́run tó mú mi dé òpin rẹ̀ ni ọpẹ́ yẹ, nítorí àwọn kan bá mi bẹ̀rẹ̀ tí wọn ò bá mi parí.

Iṣẹ́ náà rèé. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní kọ̀ǹpútà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní sáfà. Ibẹ̀ ni ìrántí ilé-iṣẹ́ náà ń gbé: ta ló ra ọjà, èwo ló ti jáde, kí ló kù ní ilé ìkẹ́rù. Bí òjò bá rọ̀ sí sáfà yìí, tàbí tí iná bá jó o, ilé-iṣẹ́ náà á dà bí ẹni tí kò mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́. Tiwa ni láti ronú ọjọ́ burúkú náà kó tó dé. A ó tọ́jú ẹ̀dà gbogbo nǹkan wọn sí ibòmíràn, a ó kọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà jí sáfà wọn dìde sínú ìwé, a ó sì máa dán ìwé náà wò látìgbàdégbà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ìwé yẹn ni ọ̀gá mi ń pè ní Ìwé Àjíǹde.

Agége ni wọ́n bí mi sí, nínú ìdílé Aládùúrà, wọ́n sì sọ mí ní Dúpẹ́. Ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni mo lọ, ṣọ́ọ̀ṣì yẹn náà ló sì kọ́ mi níṣẹ́ kí n tó mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Nítorí pé ọwọ́ mi yá, wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ìran láti kékeré. Bí ẹ̀mí bá gbé aríran, èmi á máa kọ ohun tó ń sọ: irú sáàmù tí wọ́n máa kà, iye àbẹ́là tí wọ́n máa tàn, ẹni tó máa gbààwẹ̀. Ẹni tí wọ́n ríran sí lè má sí nílé àdúrà lọ́jọ́ náà. Ìwé tí mo kọ ni wọ́n á mú lọ bá a nílé, ohun tó bá sì wà níbẹ̀ ló máa ṣe. Bí mo bá fo ọ̀rọ̀ kan, ìyá àgbà tó jẹ́ olórí àwọn aríran á fà mí létí: "Ṣé ìwọ lo máa tẹ̀ lé ìwé dé ilé wọn láti lọ ṣàlàyé ni?"

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Bánkọ́lé kò gùn. Ọmọ ìjọ wa kan ló mú mi lọ, Ọ̀gá ní kí n kọ nǹkan sílẹ̀, wọ́n kà á, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ebi kò pa wá, mo dúpẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Ọ̀gá, wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Ọ́fíìsì wa wà ní Àgídìngbì, lókè ilé ìtẹ̀wé kan, débi pé ilẹ̀ máa ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa bí wọ́n bá ń tẹ̀wé. Yàrá kan wà níbẹ̀ tó máa ń tutù nígbà gbogbo, tí àwọn sáfà tó ṣófo tò sí, tí wọ́n ń retí ọjọ́ àjálù. Láyé ìgbà yẹn, orí téèpù ni ẹ̀dà ń wà. Àwa ọmọ iṣẹ́ la máa ń lọ gbé téèpù náà lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà ní Ìlúpéjú, nínú àpótí irin, a ó sì wọ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ padà. Ìwọ ò gbọdọ̀ gbé àpótí yẹn sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, orí itan ni. "Ọmọ ọlọ́mọ lo gbé lọ́wọ́ yẹn," ni Ọ̀gá máa ń wí. Mo ti gbé e títí itan mi fi kú, tí mo sọ̀kalẹ̀ tí mo ń tiro bí ẹni tí wọ́n nà.

Òwe kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa níwájú Ọ̀gá, òun ni "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Oníbàárà kan pa á lọ́jọ́ kan, ó sì rò pé òun ń tù wá nínú. Ọ̀gá wò ó. Wọ́n ní, "Ta ló kọ ibi tí yàrá kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀ kí iná tó jó o? Ẹwà kì í ti inú eérú jáde fúnra rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni." Ọkùnrin náà kò pa òwe mọ́ títí ó fi lọ.

Òfin kan tún wà tó jẹ́ ti Ọ̀gá nìkan, mi ò rí i níbòmíràn rí. Lọ́jọ́ Sátidé tí a bá fẹ́ dán ìwé wò, ẹni tó kọ ìwé náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn ni yóò máa kà á, ohun tó bá sì kà ni yóò ṣe. Mo ní mo ti gbọ́. Ní ìdánwò àkọ́kọ́, ẹni tó ń kà á ṣìnà díẹ̀, ni mo bá kígbe, "Kì í ṣe ibẹ̀ yẹn!" Ọ̀gá kò bá mi jà. Wọ́n já ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan, wọ́n nà án sí mi.

"Bù ú sẹ́nu. Má gbé e mì, má tu ú dànù, títí wọ́n á fi parí."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́…"

"Dúpẹ́, ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ wọn bá jó, o lè ti kú. O lè wà ní Ìbàdàn níbi tí wọ́n ti ń sìnkú. Ṣé wọ́n á kọ́kọ́ jí òkú rẹ kí o tó wá jí sáfà wọn ni?"

Bí omi ṣe di ohun èlò iṣẹ́ mi nìyẹn. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Kò sí olùkọ́ tó dà bí omi ẹnu. Nígbà tí o bá ń wo ẹni tó ń kà á tó ń ṣìnà, tí ìwọ kò lè sọ ọ́, wàá mọ gbogbo ibi tí ìwé rẹ ti dákẹ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè màá tún un kọ. Ìwé mi wá ń dára débi pé ẹni tí kò dé ilé-iṣẹ́ náà rí lè fi jí sáfà wọn.

Ìgbà náà ni Mójì dé.

Mójì kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ẹ̀yìn mi ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì ń pè mí ní Àǹtí Dúpẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ọwọ́ rẹ̀ ń sáré lórí kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ kì í sì í dà rú. Láàárín oṣù díẹ̀, Ọ̀gá fi í ṣe ẹni tí yóò máa ka ìwé mi.

Ẹ bá mi wò ó. Èmi ni mo máa lọ jókòó sí ilé-iṣẹ́ oníbàárà, màá bi àwọn máníjà àti àwọn tó ń tún wáyà ṣe ní ìbéèrè títí ọ̀rọ̀ mi á fi sú wọn. Màá kọ, màá pa á rẹ́, màá tún un kọ. Nígbà tó bá di Sátidé, àwọn ọ̀gá oníbàárà á dé, wọ́n á rí ọmọbìnrin arẹwà kan níwájú kọ̀ǹpútà, tó ń ka ìwé bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ níwájú pẹpẹ. Wọ́n á tún rí obìnrin kan tó dúró sẹ́yìn rẹ̀, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Bí sáfà bá ti jí, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ta ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún? Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ yọ́ sọ̀rọ̀ sí Ọ̀gá létí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ṣé eyín ló ń dun ìyá yẹn ni?"

Ìyàwó tó se ọbẹ̀ ń nu omi ojú èéfín ní yàrá ìdáná, èyí tó gbé àwo síwájú ọkọ ni wọ́n ń kí pé ọbẹ̀ dùn. Orogún ni èmi àti Mójì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olúkúlùkù wa ló ní ọkọ tirẹ̀. Àwọn oníbàárà a máa pe ọ́fíìsì, màá gbé fóònù, wọ́n á ní, "Ẹ fún wa ní Mójì." Ọdún Kérésì, orúkọ Mójì ni wọ́n ń kọ sára ẹ̀bùn. Tó bá sì tún wá jẹ́ pé ó gbéraga ni, ǹ bá rí nǹkan bú u sí. Ńṣe ló máa ń bu mọ́ínmọ́ín wá fún mi láti ilé, nínú ewé, torí ó gbọ́ pé mi ò fẹ́ràn ti inú agolo. Mo máa ń jẹ ẹ́. Ó máa ń dùn. Ìyẹn gan-an tún ń dùn mí.

Mo gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi pé ìlara ń jẹ egungun, èmi kò sì fẹ́ kí nǹkan jẹ egungun mi. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i.

Ibi tí a bá a dé nìyẹn nígbà tí Ọ̀gá sọ fún wa pé àwọn fẹ́ padà sílé, sí Ìjẹ̀bú, láti lọ simi. Wọ́n nawọ́ sí àga wọn, wọ́n ní ọ̀kan nínú èmi àti Mójì ni yóò jókòó síbẹ̀. "Mo ń wò yín," ni wọ́n wí. Mo fẹ́ àga yẹn. N kò fẹ́ ohunkóhun bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, àfi ọmọ. Mo ní nínú ara mi pé bí mo bá jókòó síbẹ̀, àwọn èèyàn á wá mọ̀ pé èmi ni mo ń se ọbẹ̀.

Òjò ńlá kan rọ̀ mọ́jú ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ní Ìlúpéjú, ilé-iṣẹ́ kan wà lára àwọn oníbàárà wa tó ń ṣe dírípù, omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára. Ewé ti dí gọ́tà òrùlé wọn, omi já àjà lu, ó dà sórí sáfà wọn. Ó kú fin-ín-fin-ín. Páálí dírípù kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà. Bí sáfà kò bá fi hàn pé wọ́n ti yẹ nọ́ńbà náà wò tó sì dára, òfin kò gbà kó jáde. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti kún, wọ́n tò sẹ́nu géètì, wọn ò lè lọ.

Alhaja Sìdíkátù, obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣe olórí ilé ìkẹ́rù wọn, ló pè wá. Ọ̀gá ṣí ohùn fóònù náà sílẹ̀ kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Ẹ̀yin ará Àgídìngbì, ṣé ẹ ti jí? Sáfà ti kú o! Àwọn dókítà ń pè mí bí ẹni ń sin gbèsè. Èwo ni kí n sọ fún wọn? Kí n ní kí aláìsàn lọ mu ẹ̀kọ tútù ná?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Alhaja," ni Mójì dáhùn. "A ti wà lórí rẹ̀."

"Àá, Mójì mi! Ohùn rẹ nìkan ti wò mí sàn. Má gbé fóònù sílẹ̀ o."

Mójì jókòó, ó ṣí Ìwé Àjíǹde tí mo kọ fún wọn. Mo sún mọ́ ọn. Ọ̀gá já píọ̀ wọ́tà.

"Ọ̀gá, ìdánwò kọ́ lèyí!"

"Ìdí tí wàá fi bù ú sẹ́nu gan-an nìyẹn. Ìwé tó bá nílò ẹni tó kọ ọ́, kì í ṣe ìwé."

Mo bù ú sẹ́nu. Mójì ń kà, ó ń ṣe é. Ìwé náà ń lọ geere. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀, mo ń fi ọkàn kà á tẹ̀ lé e, ó sì kù díẹ̀ kó dé ibi tí yóò ti ṣí sáfà tuntun sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ náà, kó tó da ẹ̀dà sínú rẹ̀. Ìgbà náà ni mo gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn ohùn Alhaja nínú fóònù. Ẹ̀rọ ń lọ. Àwọn ẹ̀rọ tó ń rọ dírípù sínú ọ̀rá ń kù wìn-ìn.

Gbogbo ìgbà tí a ti ń dán ìwé yẹn wò, Sátidé ni. Ilé-iṣẹ́ máa ń sùn lọ́jọ́ Sátidé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ iṣẹ́, bí ẹ̀rọ wọ̀nyẹn bá kún páálí kan, wọ́n á ránṣẹ́ sí sáfà. Láti ìgbà tí sáfà ti kú, iṣẹ́ tí wọ́n rán ti ń gbá jọ, ó ń dúró. Bí Mójì bá ṣílẹ̀kùn báyìí, gbogbo rẹ̀ á ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, nọ́ńbà tuntun á dà pọ̀ mọ́ ti àtijọ́, kò sì ní sí ẹni tó máa mọ dírípù tó dára yàtọ̀ sí èyí tí wọn ò tíì yẹ̀ wò. Kò sí nínú ìwé pé kí wọ́n kọ́kọ́ yọ wáyà àwọn ẹ̀rọ náà. Kò sí ẹni tó rò ó nínú wa, títí kan Ọ̀gá.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo rí gbogbo rẹ̀ kedere. Bí Mójì bá tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ Mójì ló bà á jẹ́. Àwọn oníbàárà kì í ka ìwé, ọwọ́ ni wọ́n ń wò. Ohùn dídùn yẹn ni wọ́n á máa rántí pé ó fọ́ ilé-iṣẹ́ wọn. Èmi ńkọ́? Omi wà lẹ́nu mi, òfin ọ̀gá wà lẹ́yìn mi. Bí mo bá sì sọ̀rọ̀, mo ti fi ẹnu ara mi jẹ́rìí pé ìwé mi kò pé, Mójì á sì gba ògo tó kù. Àga yẹn wà níbẹ̀, mo ń wò ó láti ibi tí mo dúró sí.

Alhaja ní, "Mójì, ọsibítù ọmọdé ló tún ń pè yìí o."

Mo tu omi náà. N kò ríbi tu ú sí, ṣòkòtò Ọ̀gá ló dà sí.

"Mójì, má tẹ̀ ẹ́!"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè. "Àǹtí?"

"Ẹ̀rọ wọn ń ṣiṣẹ́! Ní kí wọ́n yọ wáyà ẹ̀rọ ná. Da ẹ̀dà sí i tán pátá kí o tó ṣílẹ̀kùn."

Ká ní ẹlòmíràn ni, mo lè máa ṣàlàyé títí di ọ̀sán. Mójì ti gbọ́ ọ yé kí n tó dákẹ́. Ó yíjú sí fóònù, ó ní, "Alhaja mi, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan wéré," pẹ̀lú ohùn kan náà, bí ẹni pé ó ní kí wọ́n bá òun bu iyọ̀. Wọ́n yọ wáyà. Ó da ẹ̀dà sí i, ó ṣílẹ̀kùn. Kí Alhaja tó lọ kírun Alásárì, ọkọ̀ akẹ́rù ìkẹyìn ti jáde ní géètì.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà gbé agbọ̀n èso wá fúnra rẹ̀. Káàdì orí rẹ̀ ní: sí obìnrin olóhùn dídùn náà. Mójì sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Àǹtí Dúpẹ́ ló rí i, àwọn ló kọ ìwé náà," ṣùgbọ́n wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó tún jẹ́ ọmọlúàbí! Èyí tó dùn mí jù nìyẹn.

Ọ̀gá pè mí wọlé lọ́sẹ̀ yẹn, èmi nìkan.

"Dúpẹ́, ta ló gba ilé-iṣẹ́ yẹn là?"

"Ọ̀gá, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́."

"Ìwọ ni."

"Ta ló wá ni àga?"

"Mójì ni. Lọ́jọ́ àjálù, àwọn èèyàn ń wá ohùn tí wọ́n máa dì mú. Ìwọ lo ríran, òun ló lè mú wọn dúró. Ẹni tó bá jókòó síbí, iwájú èèyàn ló máa wà."

"Ṣé ẹ rò pé ohun tí ẹ ṣe yìí dára?"

"Kò dára. Ó tọ́ ni."

Mo kí wọn pé ẹ ṣé, mo sì lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láti lọ sunkún.

Abẹ́ Mójì ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo dá a lábàá pé kí a máa ṣe ìdánwò lọ́jọ́ iṣẹ́, nígbà tí ẹ̀rọ àwọn oníbàárà bá ń lọ. Ó gbà á lọ́jọ́ náà gan-an. Káàkiri Ìkẹjà, "ìdánwò Mójì" ni wọ́n ń pè é dòní. Téèpù lọ, dísíìkì dé. Dísíìkì lọ, wọ́n ní orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni kí gbogbo ẹ̀dà máa gbé, ní kíláòdù. Àwọn olè náà wá gbọ́n, wọn kì í jalẹ̀kùn mọ́, inú íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gbà wọlé wá ti gbogbo fáìlì pa títí wọ́n á fi gbowó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń sọ fún mi pé, "Mọ́mì, ó wà ní kíláòdù, kò séwu." Ẹ ti gbìyànjú láti gbà á padà rí? Ẹ̀dà tí wọn ò tíì fi jí nǹkan rí, ìrètí lásán ni.

Bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ yìí, ẹ wá ṣe é. Iṣẹ́ rere ni. Àwọn kan wà láàyè lónìí tí wọn ò ní mọ orúkọ mi láéláé, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe é dáadáa, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni iṣẹ́ yín, ẹnikẹ́ni kì í sì í pàtẹ́wọ́ fún ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ẹ bi ara yín ná bóyá ẹ lè gbà á.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Agége. Mójì wá láti ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà GRA, dírẹ́bà ló wà á wá. Àwọn tó ń gba àlejò rí ọkọ̀ náà, wọ́n sáré gbé àga onítìmùtìmù kan síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn wòlíì, wọ́n mú un jókòó síbẹ̀. Èmi ọlọ́pẹ́ wà lórí bẹ́ǹṣì. Mójì dìde fùú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọpẹ́ ta lèyí? Àǹtí mi ló ni ibí."

Ó wá fà mí lọ́wọ́ níwájú gbogbo ìjọ, ó mú mi jókòó sórí àga náà. Wọ́n wá òmíràn wá fún òun náà, wọ́n gbé e ti tèmi. Orin ọpẹ́ bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn, omi bọ́ lójú mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tọkàntọkàn, fún iṣẹ́, fún ẹ̀mí, fún Mójì pàápàá. Ṣùgbọ́n kí n tó dìde láti jó, mo yíjú wo tìmùtìmù àga tirẹ̀ bóyá ó nípọn ju tèmi lọ.

Ó nípọn jù ú lọ.